Commodore 64 tó dákẹ́: ẹ wọn iná rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan IC kankan

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lábẹ́ àwọn fídíò mi, àfi kí n dáhùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi: Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá tàn án, iná pupa kékeré orí ẹ̀ á tàn, ojú tẹlifíṣọ̀n á sì dúdú kirikiri. Ọ̀kan rèé lórí tábìlì, aláwọ̀ ilẹ̀, ó sanra bíi búrẹ́dì Agége. 1982 ni wọ́n gbé irú ẹ̀ jáde. Gbogbo RAM inú ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó nǹkan sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ò ju 64 kilobyte lọ. Fọ́tò ìnáwó kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tóbi jù ú lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kíkéré ẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ ká lè tún un ṣe. Kò sí IC kan níbẹ̀, àwọn ègé dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ yẹn, tí ojú lásán ò lè rí.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Ọ̀gá, ẹ tú u ká rí inú ẹ̀." Rárá. A ò tíì dé ibẹ̀. Ẹ gbé àdápítọ̀ ẹ̀ wá ná.

Ẹ wò ó bó ṣe wúwo. Wọ́n da gọ́ọ̀mù tó le bí òkúta sínú ẹ̀, ooru ò ríbi jáde. Nínú gọ́ọ̀mù yẹn ni regulator tó ń fún wa ní 5 volt wà. Ojoojúmọ́ ni ooru ń sè é. Ibi tó burú sí ni pé tó bá máa kú, kì í pa iná mọ́ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ńṣe ló máa ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: 5 volt á di 7, á di 8, á tún gùn sí i, RAM ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré ra IC tuntun kí ẹ tó wọn iná, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí. Ẹ máa pààrọ̀ RAM láàárọ̀, àdápítọ̀ kan náà á tún sun ún lálẹ́.

Ojú plug ẹ̀ rèé. Àbúrò, gbé tọ́ọ̀ṣì súnmọ́ ibí. Ẹsẹ̀ méje. Àwọn méjì tó wà ní ìparí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gé sára irin ẹ̀, 6 àti 7 nìyẹn, 9 volt AC. Èyí tó wà láàárín ìlà wọn, tó kọjú sí ibi tí wọ́n gé, ni 2, ilẹ̀ nìyẹn. 5 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun ni 5 volt DC. Tí nọ́ńbà bá hàn lára ti yín, nọ́ńbà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ojú yín gbọ́, torí tẹ́ ẹ bá wo plug láti ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀ ti yí padà.

Mítà sórí DC. Dúdú sórí 2, pupa sórí 5. 4.9 sí 5.2, ó dáa. Tó bá ti kọjá 5.25, ilé ìdọ̀tí, kò sí àdúrà. Ẹ yí mítà sí AC, ẹ wọn 6 àti 7. Ẹ lè rí 10 tàbí 11 nígbà tí kò sí ẹrù lórí ẹ̀. Ẹ má jáyà.

Ẹ ò tíì parí o! Àdápítọ̀ tí kò gbé ẹrù dà bí ẹni tó ń fọ́nnu kó tó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ wá resistor 4.7 ohm, 10 watt, èyí funfun tó dà bí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ so ó mọ́ àárín 5 àti 2. Ó máa fa ju amp 1 lọ díẹ̀, ó sì máa gbóná gan-an, torí ó ń sun bíi watt 5. Orí táìlì ni kí ẹ gbé e lé, kì í ṣe orí tábìlì pákó ìyàwó yín. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa wo mítà. Ọ̀pọ̀ àdápítọ̀ ló máa ń ṣọmọlúwàbí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tó bá wá gbóná tán lẹ ó mọ ìwà ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò máa ń yára mú un gbóná sí i, ẹ fi stabilizer sáàárín.

Ẹnìkan béèrè nípa èyí tó ti Amẹ́ríkà dé nínú àpótí tokunbo. Ẹ yí àdápítọ̀ ẹ̀ wò: 117 volt ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iná tiwa jẹ́ 240. Tẹ́ ẹ bá tì í bọ ògiri báyìí, èéfín nìkan lẹ máa rí. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ò mọ̀ bóyá Amẹ́ríkà ni tàbí Mushin. Tẹ́ ẹ bá fún un ní 5 DC àti 9 AC, ó ti tó o. Àmọ́ NTSC, ìlànà àwòrán Amẹ́ríkà, ni àwòrán ẹ̀ máa jẹ́, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó mọ PAL, ìlànà tiwa, nìkan ò ní gbà á dáadáa, àwòrán á máa yí tàbí kó di dúdú àti funfun. Ẹ lo èyí tó gba méjèèjì.

Tí àdápítọ̀ bá ti bàjẹ́, ẹ má ṣe jà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ kó tuntun jọ: 5 volt, amp 3, tó dáa, kì í ṣe ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú, pẹ̀lú tìránsífọ́mà 240 sí 9 volt, amp 1. Ní ọjà Àlàbá àti Ìkẹjà, ẹ ó rí tìránsífọ́mà bẹ́ẹ̀ rà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà yín ní 9 volt DC. AC ni. Láti ara 9 AC yẹn ni páńẹ̀lì, pátákó inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n to àwọn IC sí, ti ń ṣe 12 volt tó ń lò, aago inú ẹ̀ sì ń ka 50 Hz ibẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta, níwájú, lábẹ́. Ẹ gbé iwájú sókè bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ẹ rọra yọ wáyà kíbọ́ọ̀dù àti ti iná pupa. Irin tàbí páálí tó bo páńẹ̀lì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìyẹn. Ẹ wo igbó aáyán! Búrọ́ọ̀ṣì kíkún ilé gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà, alcohol 99% tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò. Ẹ fi sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò sílẹ̀ fún ọgbẹ́, ó máa ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí òkun, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn IC tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì dáadáa: afẹ́fẹ́ oníyọ̀ máa ń mú kí wọ́n dípẹtà. Ẹ fi sùkúrùdíráfà pẹlẹbẹ rọra gbé ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ẹ gbé èkejì díẹ̀, ẹ nu ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ tì í padà. Ìgbà míì, ìyẹn nìkan ni àìsàn ẹ̀.

Fíùsì. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà lórí páńẹ̀lì, amp 1.5, ojú ọ̀nà 9 AC ló dúró sí. Mítà sórí bíìpù, ibi tó ti máa ń dún tí ọ̀nà iná ò bá já. Tó bá já, iná pupa á ṣì máa tàn, torí 5 volt ń wọlé láti ọ̀nà míì, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n ò ní rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín: ẹ yé fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíùsì. Ẹni tó wé e lẹ́ẹ̀kan, ẹlòmíì ló máa ra páńẹ̀lì fún.

Ẹ wá fi àdápítọ̀ tẹ́ ẹ ti dán wò sí i, ẹ tàn án, ẹ wọn. Ẹ̀gbẹ́ súìsì lẹ ó ti rí regulator méjì, 7812 àti 7805. Ẹsẹ̀ kẹta wọn: 12 àti 5. Lẹ́yìn ìyẹn, RAM. Mẹ́jọ ni wọ́n lórí páńẹ̀lì àtijọ́ yìí, 4164 ni nọ́ńbà ara wọn, wọ́n tò bíi ọmọ iléèwé. Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn IC tó wà nítòsí wọn, tí nọ́ńbà wọn fi 74 bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ 8 ni ilẹ̀, 16 ni iná. RAM yìí yí i po: 8 ni iná, 16 ni ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á fi pupa sí 16, mítà á kọ −5, á wá máa pariwo pé páńẹ̀lì ti bàjẹ́.

Ní báyìí, ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù, kò ná yín ní kọ́bọ̀: ìka. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan RAM níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìka o, kì í ṣe ojú ẹ̀. Tó bá jó yín, ọwọ́ á tètè fà sẹ́yìn fúnra ẹ̀. Méje lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀kan ń jó bí ẹ̀yinná? Òun ni. VIC tó ń ṣe àwòrán, SID tó ń ṣe ohùn, àti PLA tí a máa dé orí ẹ̀, máa ń gbóná nítiwọn, ẹ má dá wọn lẹ́jọ́ lórí ìyẹn.

Tí gbogbo wọn bá tutù bákan náà, ẹ pa á, ẹ gbé 4164 tó dáa gun ẹ̀yìn èyí tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, kí ihò orí wọn kọ ojú síbì kan náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tàn án. Ẹ ṣe é fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tí ojú bá yí padà, ẹ ti mú olè. Àmọ́ èyí tó bá ti pa ẹsẹ̀ méjì pọ̀ nínú, èyí tó gun ẹ̀yìn ẹ̀ ò lè gbà á sílẹ̀, ẹ máa yọ ọ́ ni.

Ẹni tó ní Dead Test, kátíríìjì tó ń yẹ RAM wò, ẹ ti ní oògùn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó tì í bọ̀ ọ́, mi ò ní tún un sọ. Kò nílò KERNAL, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà yìí dìde, rárá. Ojú tẹlifíṣọ̀n á máa ṣẹ́: ẹ kà á. Ẹ̀ẹ̀kan, RAM tó ń tọ́jú bit 7 ló bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, bit 0. Tí kò bá ṣẹ́ rárá, tí dúdú ṣì wà, PLA ni kí ẹ fura sí, U17, 906114-01. PLA yìí ni yẹ́lò fífà inú páńẹ̀lì. Òun ló ń sọ fún RAM pé "ìwọ, kọjá", tó ń sọ fún ROM, IC tí ètò kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ̀ títí ayé, pé "ìwọ, dúró." Tó bá ti kú, bíi Ojúẹlẹ́gba láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo ọkọ̀ á dúró síbẹ̀. Ẹ fi èyí tó dáa dán an wò, wọ́n ṣì ń ṣe èyí tuntun tó lè rọ́pò ẹ̀.

Yíyọ RAM. Ẹ̀yin ará Ọ̀tígbà, mo mọ̀ pé blower, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn, ń yún yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e sílẹ̀. Bàbà orí páńẹ̀lì yìí ti dàgbà, ooru yẹn á ká a kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ti bàjẹ́ ná, kí lẹ ń tọ́jú? Ẹ fi káttà gé ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún níbi tí wọ́n ti so mọ́ ara ẹ̀, kí ara bọ́ sílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ní 350, ẹ fi ẹ̀mú mú ẹsẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ fi áyọ́ọ̀nù mú un gbóná láti ìsàlẹ̀, ó máa jáde bí egungun ẹja tó jinná. Ẹsẹ̀ 8 àti 16 máa ṣagídí, torí bàbà tó gbòòrò ń mu ooru wọn. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún un kọ́kọ́, á yọ́. Sucker, ohun tó ń fa lẹ́ẹ̀dì yíyọ́, fún ihò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 16 sí i, kẹ́ ẹ tó fi RAM tuntun sínú ẹ̀.

Ẹ tàn án. Ẹ wò ó! Aláwọ̀ búlúù. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń wá ni 38911 BASIC BYTES FREE. Tó bá kéré sí i, ẹ padà sídìí RAM, ọ̀kan ṣì ń purọ́ níbì kan, ibi tí àyẹ̀wò RAM ti dúró ni kọ̀ǹpútà ka nọ́ńbà dé. Èyí pé, 38911, ẹ rí i?

Ẹ dúró, NEPA ti mú iná dé. Àbúrò, má fọwọ́ kan súìsì jẹnẹrétọ̀ yẹn! Jẹ́ kí n pa kọ̀ǹpútà yìí ná.