Ọwọ́ Tó Ń Wẹ Òkú Kò Sí Nínú Ìṣirò

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú fóònù yín yìí: 1,400,000. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, àjọ CDC, tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣírò pé bí wọn ò bá wá nǹkan ṣe sí Èbólà, iye èèyàn tó máa mú ní Làìbéríà àti Sierra Leone, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Sàró, lè tó bẹ́ẹ̀ kí oṣù kìíní ọdún 2015 tó parí.

Nígbà tí wàhálà náà fi rọlẹ̀, nǹkan bí 28,600 ni iye wọn, pẹ̀lú àwọn ti Gíní. Ó pa èèyàn tó lé ní 11,000.

Kí ló dé? 550,000 ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mú wá. Wọ́n wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ìjọba ò gbọ́ nípa wọn. Ibo ni wọ́n ti rí méjì àbọ̀? Iye bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn wà lórí wọn lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni wọ́n fi wé iye tí ìṣirò ní ó yẹ kó jẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo!

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni nọ́ńbà tó ń sọ iye èèyàn tí aláìsàn kan máa kó o ràn. À ń sọ ọ́ bí ẹni pé ara kòkòrò àrùn ló wà. Ọwọ́ wa ló wà. Ìyá kú lábúlé, àwọn ọmọ fi ọwọ́ lásán wẹ̀ ẹ́, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, wọ́n dágbére. Nọ́ńbà yẹn lọ sókè. Nígbà tí àwọn asìnkú tó wọ ìbọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú, tí onílé gbé ike omi kulorínì sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn èèyàn ò bọ ara wọn lọ́wọ́ mọ́, ó já wálẹ̀.

Ẹ̀rù tí 1,400,000 dá bani wúlò o, ó mú kí ìrànwọ́ yá. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìtọ́jú 11 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà kọ́ sí Làìbéríà, 9 ni ò rí aláìsàn Èbólà kankan gbà. Ó dùn mí. Owó yẹn ì bá ra ìbọ̀wọ́ fún ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí.

Èbólà kan náà wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014. Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde ní ọsibítù, wà lára àwọn tó kú. Nǹkan bí 900 èèyàn ni wọ́n tọpasẹ̀ ní Èkó àti Port Harcourt, ojúlé dé ojúlé, ọjọ́ 21, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn lé ní 18,000.