Máàkì Kì Í Ṣe Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Ọmọ Ẹni

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, àsàlámù aléékúmù. A kú Jímọ̀ o.

Àwa tíṣà tá a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá àwa tí ọmọ wa ń jókòó nínú kíláàsì tá a ti ń kọ́ni. A pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ló ń dín owó kù fún ọmọ tíṣà, ìyẹn ló jẹ́ ká kó ọmọ tẹ̀ lé ara wa. Àwọn tó wà ní ilé-ìwé ìjọba náà fẹ́ kí ojú àwọn máa tó ọmọ, ọ̀kadà kan náà ni wọ́n sì ń jọ gùn lówùúrọ̀. Ẹ lọ sí ilé kéwú, áfáà ló ń kọ́ ọmọ áfáà ní wàláà. Kò sí aburú níbẹ̀ rárá. (Ẹ̀yin onílé-ìwé tí ẹ ń yọ owó ilé-ìwé ọmọ nínú owó oṣù tíṣà láì sọ fún un, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun. Mo máa wáàsí lórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.)

Òwe kan wà tí a fẹ́ràn jù ní yàrá àwọn tíṣà: ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí a bá fẹ́ yan mọ́nítọ̀, a ó pa òwe yìí. Bí ẹnìkejì wa bá wá rọra sọ sí wa létí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan kún ti ọmọ mi," òwe yẹn kan náà ni yóò fi parí ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń wí, owó òbí ọmọ ni wọ́n fi rà á. Ta ni nínú wa ló fi owó rẹ̀ ra máàkì? Àmáánà ni. Àwọn òbí ogójì ọmọ ló kó o lé wa lọ́wọ́, Ọlọ́hun sì ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ wo bá a ṣe ń rajà. Tá a bá lọ ra gàrí ní Ọjà Jagun, ojú wa kì í kúrò lára kóńgò. A ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn kò tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. A ó ní kí ìyá bù ú kó gorí, kó sì tún fi èènì sí i. Tíṣà tó ṣọ́ kóńgò báyìí ni yóò délé, tí yóò gbé ìwé ìdánwò síwájú, tí yóò fi kóńgò tó kún gorí wọn ti ọmọ tirẹ̀, tí yóò sì fi èyí tí ìdí rẹ̀ wọnú wọn ti ọmọ ìyá alákàrà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Mutaffifin, Súrà 83, Ọlọ́hun ní ègbé ni fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù: bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, wọn a gbà á kún, bí wọ́n bá ń wọ̀n fún èèyàn, wọn a dín in kù.

Ẹnì kan lè ní òun kò dín ti ọmọ ẹnikẹ́ni kù, pé òun kàn fi márùn-ún kún ti ọmọ òun ni. Níbi tí a bá ti ń to ọmọ ní ipò, àfikún ẹnì kan, àdínkù ẹlòmíràn ni. Ọmọ tó yẹ kó gba ipò kìíní bọ́ sí ipò kejì. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kàn rò pé orí òun ni kò pé tó. Ọmọ tiwa náà, a ti tàn án jẹ: lọ́jọ́ tó bá jókòó ìdánwò WAEC, ẹni tí yóò máàkì ìwé rẹ̀ kò mọ bàbá rẹ̀.

Nínú Súrà An-Nisa, áyà 135, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa ká dúró ṣinṣin ti déédé, ká jẹ́rìí nítorí Rẹ̀, kódà bó bá tako àwa fúnra wa, àwọn òbí wa tàbí àwọn ìbátan wa.

Ẹ wá gbọ́ hádíìsì, ìyẹn ìròyìn nípa Ànábì, tí sàhábà rẹ̀ Abu Hurayrah gbà wá, tí àwọn onímọ̀ hádíìsì méjì, Bukhari àti Muslim, jọ kó sínú ìwé wọn. Hasan, ọmọ-ọmọ Ànábì, mú dàbínù kan nínú dàbínù sàárà, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ànábì ní, "Kikh, kikh!" kó lè tu ú dànù. Ó wá bi í pé, ṣé o kò mọ̀ pé àwa kì í jẹ sàárà ni?

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Dàbínù ẹyọ kan péré. Ọmọ kékeré. Ọmọ Fátímà ni, ìfẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́kàn Ànábì. Ta ni ì bá bi Ànábì léèrè dàbínù kan? Síbẹ̀, kò jẹ́ kó gbé e mì, nítorí ti àwọn tálákà ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ohun tí kò ṣe. Kò gbá ọmọ náà létí kí àwọn sàhábà lè mọ̀ pé òun kì í ṣègbè. Ó sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un, bó tilẹ̀ kéré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èmi gan-an nìyẹn. Ìwé karùn-ún ni mò ń kọ́, ọmọ mi ọkùnrin sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn mẹ́ta ń pariwo. Mo na àwọn méjì yòókù ní ẹgba méjì méjì. Mo na tèmi ní mẹ́fà, nítorí tíṣà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò sì fẹ́ kó ní mò ń kẹ́ ọmọ mi. Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ọmọ náà wá bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló tóbi jù ni?" N kò rí èsì fọ̀. Mo ti rò pé òdodo ni mò ń ṣe. Ẹgba méjì ni mo nà án nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, mẹ́rin yòókù nítorí ojú ayé. Mo tọrọ ìforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun, mo sì tọrọ lọ́wọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Bàbá tó rò pé ẹnu òun kò gba "má bínú" sí ọmọ, kó tún èrò rẹ̀ pa.

Ànábì kò fi ìfẹ́ ọmọ pa mọ́ nítorí èèyàn. Sàhábà Abu Qatadah gbà wá pé Ànábì gbé Umamah, ọmọ Zaynab ọmọ rẹ̀ obìnrin, sọ́rùn nígbà tó ń kírun: bó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, a gbé e sílẹ̀, bó bá dìde, a tún gbé e. Ẹni tó kọ dàbínù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́hun. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ sáré wá bá yín lásìkò ìsinmi, ẹ bá a so okùn bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ ṣe alámí láàárín àwọn tíṣà. Ẹ má sì fi gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n bá rò ní ilé-ìwé dáná sí i lórí nílé, nítorí ọmọ mìíràn ní ilé tí yóò sá sí, ó yẹ kí ọmọ tíṣà náà ní.

Ẹ̀yin òbí, Súrà 49, áyà 12 sọ fún wa pé apá kan àbá dídá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tíṣà tó gba ipò kìíní ni bàbá rẹ̀ gbà á fún.

Láti sáà yìí, mo ti bẹ tíṣà kíláàsì mìíràn kó máa bá mi máàkì ìwé ọmọ mi. Nọ́ńbà ló wà lórí ìwé náà, kò sí orúkọ. Ìdánwò àkọ́kọ́ nínú ìṣirò, 11 nínú 20. Ọwọ́ yún mi láti lọ bẹ̀bẹ̀, mo ká a kò. Lálẹ́, a jọ ṣí ìwé náà, a rí i pé àròpọ̀ ìdá ni kò yé e. A ṣe é, a tún un ṣe, títí ó fi gbà á. Orí tábìlì ló sùn sí. Mo gbé e wọlé.