Agboolé Wo Ni Jíìnì Yìí Ń Lọ? Oògùn Láti Inú Wàrà Ẹran

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Ta ló ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní lónìí? Mo rí ọwọ́ mẹ́ta. Purotéènì ló dì tó fi di wàrà tí ẹ rà yẹn, koríko lásán sì ni màlúù jẹ tí ọmú rẹ̀ fi pèsè rẹ̀. Ǹjẹ́ a lè bẹ ọmú ẹran kó bá wa ṣe purotéènì ti ènìyàn?

Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Antithrombin wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan wa, àwọn kan sì wà tí a bí láìní i tó. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ATryn, antithrombin tí wọ́n yọ nínú wàrà ewúrẹ́. Ewúrẹ́ o, irú èyí tó ń jẹ èlùbọ́ tí ẹ sá!

Ṣe ni wọ́n so jíìnì ènìyàn (ìlànà tí ara ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì) mọ́ swíìṣì tó jẹ́ pé inú ọmú nìkan ló ń ṣí. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ le. Ibi tí jíìnì náà máa bọ́ sí ni wàhálà wà.

Láyé ijọ́un, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ta jíìnì sínú ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di oyún. Àfi bí ìgbà tí ẹ gbé ẹrù fún ọlọ́kadà, tí ẹ ní kó gbé e lọ sí Ifẹ̀, tí ẹ ò sọ agboolé. Ó lè já a sí Lagere, ó lè já a sí Ẹnuwá, ó sì lè já a sí gọ́tà. Wọ́n bí àgùntàn kan tó ń jẹ́ Tracy ní Scotland ní 1990; lítà kan wàrà rẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 35 alpha-1-antitrypsin, purotéènì ènìyàn tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe lọ́nà kan náà ò sún mọ́ ọn rárá. Oríire ni Tracy jẹ́, a ò sì lè fi oríire dá iléeṣẹ́ oògùn sílẹ̀.

Bí a bá fẹ́ kí ẹrù dé agboolé, a ó fi DNA (ohun tí a fi ṣe jíìnì) tó bá ti ibẹ̀ mu wẹ́kú dì í lọ́tùn-ún lósì. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni yóò dá a mọ̀, tí yóò sì gbà á wọlé. Iṣẹ́ tí Capecchi, Evans àti Smithies gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2007 nìyẹn, ṣùgbọ́n ara eku ni tiwọn. Dolly, àgùntàn tí wọ́n dá láti inú sẹ́ẹ̀lì ara àgùntàn mìíràn, ló la ọ̀nà fún àgùntàn: bí sẹ́ẹ̀lì ara lásán bá lè di ọmọ, a lè tún un ṣe nínú àwo, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ká tó fi bímọ. Ní 2000, ìwé ìròyìn Nature gbé e jáde pé wọ́n ti fi jíìnì alpha-1-antitrypsin síbi tí wọ́n fẹ́ gan-an, níbi jíìnì kọ́lájìn (purotéènì inú awọ àti eegun) àgùntàn.

Èló ló wà nínú wàrà ọ̀hún? Kò tó gíráàmù kan nínú lítà. Mo rí ẹ̀yin tó ń ṣírò níwájú níbí. Bẹ́ẹ̀ ni, ti Tracy pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Síbẹ̀, díẹ̀ tí mo mọ ojúlé rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju púpọ̀ tí n kò lè tún ṣe lọ.

Bàbá kan dìde, wọ́n ní ṣé a ò ti máa bá Ọbàtálá du iṣẹ́ báyìí. Gbọ̀ngàn mì fún ẹ̀rín. Mo ní, "Bàbá, Ọbàtálá ló mọ ẹran náà, ẹrù kan ṣoṣo la fi rán an."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Ta ló wá ni wàrà ọ̀hún?"

Mo ní iléeṣẹ́ tó ni ewúrẹ́ ni, sà.

Wọ́n ní, "Mo kúkú ti fura," wọ́n sì jókòó.