Ta Là Ń Yọ̀ Mọ́ Gan-an?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sọ fún pé ìpápánu wà lẹ́yìn ìpàdé, ẹ kú sùúrù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé kò lè tó.

Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ lẹ́yìn Awólọ́wọ̀ pọ́ńbélé. Ní nǹkan bí ọdún 1981, tí wọ́n bá rán mi ní àkàrà, tí ìyá alákàrà fi ìwé ìròyìn Concord wé e, bàbá mi á ní kí n dá a padà. Kì í ṣe àkàrà ni wọn ò fẹ́ o, ìwé tí wọ́n fi wé e ni. Abíọ́lá ló ni Concord, inú NPN, ẹgbẹ́ alátakò Awo, ló wà, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń bá Awo fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Màrókò l’Ékòó. Ní 1993, mo ti yunifásítì dé, mo bá àwòrán ẹṣin, àmì ẹgbẹ́ SDP tí Abíọ́lá fi ń du ipò ààrẹ, lára ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi kan náà. Mo ní, “Bàbá, ṣé oní-Concord ọjọ́sí náà nìyí?” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ìwọ, lọ pọnmi.”

Kí ló ṣe bàbá mi láàárín ọdún méjìlá yẹn?

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ẹ ó tún gbọ́ ọ: olùdíje kọ́ là ń yọ̀ mọ́, ara wa ni. Ẹni tí ara wa ń yá sí ni ẹni tí a rí ibì kan nínú ìtàn rẹ̀ tí a lè fi ìyà tiwa kọ́, bí ẹni fi agbádá kọ́ ìṣó.

Ẹ wo Abíọ́lá. Ọmọ 22 ni bàbá rẹ̀ bí ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò dúró. Ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Káṣìmáawòó: ká ṣì máa wò ó ná, bóyá èyí á jókòó. Ó ta igi ìdáná ní kékeré, ó kọrin òde kó lè rí oúnjẹ jẹ. Ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí àbíkú ti dá lóró? Nígbà tó wá gbé ìpolongo Hope ’93 jáde, tó ní ká kí òṣì pé ó dìgbóṣe, etí ìlérí kọ́ ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ bí ìròyìn ẹni tó ti kí òṣì bẹ́ẹ̀ rí, tí òṣì sì lọ lóòótọ́.

Àmọ́ ìtàn yẹn ti wà nílẹ̀ ní 1981! Kí ló dé tí bàbá mi ò rí i? Nítorí ìyà tiwọn ò tíì gbó ni. Ológun gbàjọba ní ìparí 1983, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó mú nǹkan le, dé ní 1986, Awo kú ní 1987, fìlà rẹ̀ ò sì rí orí tí yóò bá mu mọ́. Volkswagen ìjàpá tí bàbá mi ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n ń fi kánínkánìn nu iná rẹ̀, wọ́n tà á ní 1989, wọ́n ra kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo ti ọkọ̀ náà fún ẹni tó rà á, nítorí kò dáná. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ yẹn lọ síléèwé fún ọdún mẹ́rin, ó ti ní ohun tó fẹ́ fi kọ́ ìṣó.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi onímọ̀ ìṣèlú ní ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ni gbogbo rẹ̀. (Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, mo rí ọ.) Kí wọ́n ṣàlàyé Kánò fún mi. Ọmọ Kánò ni Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC, tó bá Abíọ́lá díje, Abíọ́lá sì nà án nílé. Mùsùlùmí méjì ni Abíọ́lá àti Kingibe, tó fẹ́ fi ṣe igbákejì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún wọn. Kí wọ́n tún ṣàlàyé 1999: Ọbásanjọ́ àti Fálàè ló du ipò ààrẹ, Yorùbá ni wọ́n méjèèjì, síbẹ̀ Ọbásanjọ́ ò mú ìpínlẹ̀ tirẹ̀ pàápàá. Abẹ́òkúta kan náà, Baptist Boys’ High School kan náà ni òun àti Abíọ́lá lọ, òun náà sì jìyà ní kékeré. Ṣùgbọ́n lójú tiwa nígbà náà, àwọn tó jà wá lólè ìbò 1993 ló rán an wá. Ta ló ń fi aṣọ rẹ̀ kọ́ sílé olè?

Alága ti ń na ìka márùn-ún sí mi. Ó dáa. Owó: owó ń mú èèyàn jáde, kì í mú un kọrin. Ó parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu: “Èmi ló kàn” tí Tinubu sọ l’Abẹ́òkúta ní 2022, ìgbéraga ló jẹ́ létí àwọn kan, àmọ́ ẹni tó ti tò sórí ìlà rí tí wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá mọ orin yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé Peter Obi ní ìbò 2023, oró EndSARS, ìwọ́de 2020 lórí ìwà ipá ọlọ́pàá, ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Ibẹ̀ ni mo dé tí màmá kan fi nàró lẹ́yìn. Wọn ò dúró de máìkì.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, èèyàn mélòó ló dìbò ní June 12, 1993?”

Mo ní Abíọ́lá ní mílíọ̀nù 8.3, Tofa ní bíi mílíọ̀nù 6.

“Mélòó ló forúkọ sílẹ̀?”

Bíi mílíọ̀nù 39.

“Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ìtara wo lẹ wá ń sọ?”

Mo ní kóòtù ti pàṣẹ lóru ọjọ́ kẹwàá pé kí ìbò má wáyé, ọ̀pọ̀ ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Wọ́n ní, “Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn níbí ni mo wà. Àdúgbò wa dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ yẹn. A tẹ̀ka, a ju ìwé sínú àpótí, a lọ dáná ọbẹ̀. Ìgbà tí Babangida fagi lé e lọ́jọ́ 23 ni ariwo tó sọ.”

Ojú ìwé mẹ́fà ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Mo ká wọn. Ọjọ́ 11 péré ló wà láàárín ìbò àti ìfagilé, tó bá sì rí bí màmá ṣe wí, àárín yẹn ni mo yẹ kí n ti máa wá ohun tí mo ń wá. Ẹni tó ta igi di ẹni tí wọ́n jà lólè, àwa náà dà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìtara náà ò sì yé dàgbà títí Abíọ́lá fi kú sí àtìmọ́lé ní July 7, 1998. Ìṣó mi ṣì wà lára ògiri, àmọ́ ta ló kàn án, ìgbà wo ló sì kàn án?

Mo wá rántí pé oṣù kẹjọ ni mo ti yunifásítì dé lọ́dún náà. N kò mọ ìgbà tí bàbá mi lẹ àwòrán ẹṣin yẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé.

Màmá ní, “Ṣé ìyá yín wà?”

Mo pè wọ́n láti inú ọkọ̀ nígbà tí mo ń lọ sílé. Wọ́n ní, “Bàbá yín kẹ̀? Wọn ò lọ dìbò o. Wọ́n ní kóòtù ti dá a dúró, wọ́n sùn títí di ọ̀sán.”