Ẹ má bíríìjì súíìṣì gíá, ẹ tú u

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin ríwáyà, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá láti Ládìpọ̀ àti Múṣín, mo kí yín. Súíìṣì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Òun ni kì í jẹ́ kí sítátà yí àfi tí gíá bá wà ní P (páàkì) tàbí N (níútírà). Òun ló ń tan iná ẹ̀yìn ní R (rífáàsì), òun náà ló sì ń sọ ibi tí gíá wà fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀.

Tí mọ́tò bá kọ̀ ní P tó gbà ní N, tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò sì gbé P0705 jáde, ìyẹn kóòdù tó ń tọ́ka sí súíìṣì yìí, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà. Omi àgbàrá Èkó tá à ń wọ́ mọ́tò kọjá máa ń wọ ẹnu wáyà rẹ̀, irin inú rẹ̀ á sì dípẹtà.

Kí wá làwọn kan nínú wa ń ṣe? Wọ́n á gé wáyà méjì, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á gbowó. Wọ́n ní àwọn ti tún un ṣe. Irọ́ ni! Mọ́tò tẹ́ ẹ bíríìjì báyìí lè sítáàtì ní D, gíá tó ń gbé ọkọ̀ lọ síwájú. Kẹ́nìkan na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, kó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á gbéra. Ta ló sì máa ń wà níwájú ọkọ̀ nínú ọgbà wa? Ọmọ iṣẹ́ tó doríkodò sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n iṣẹ́, kó fi ọmọ tiẹ̀ síbẹ̀ kó tó yí kọ́kọ́rọ́.

Bá a ṣe ń tú súíìṣì náà rèé. Ẹ fi òkúta há táyà, ẹ fa hánbíréèkì. Ẹ fi gíá sí N kẹ́ ẹ tó yọ bátìrì, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni gíá rẹ̀ kì í kúrò ní P tí kò bá síná. Ẹ yọ ẹnu wáyà. Ẹ di apá irin tí kébù gíá so mọ́ mú ṣinṣin bẹ́ ẹ ṣe ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bólíìtì méjèèjì tó di súíìṣì mú, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà láti ara súíìṣì dé ara gíábọ́ọ̀sì. Ihò bólíìtì yẹn gùn, súíìṣì lè yí, tó bá sì yí, mọ́tò á tún kọ̀.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ríwáyà fi nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá kọ̀ lórí afárá Third Mainland lálẹ́ ńkọ́? Ṣé a ò ní bíríìjì ẹ̀ ká kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀?”

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ dán N wò. Tó bá kọ̀, ẹ pe ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bíríìjì alẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ló máa padà wá tú u? Mọ́tò ti ń sítáàtì, oní-ńkan ò ní padà wá. Á tà á fẹ́lòmíì, ẹni yẹn ò sì ní mọ nǹkan kan.

Àkókò ti lọ. Tẹ́ ẹ bá ń fi tuntun síbẹ̀, ìlà N ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ojú ọ̀pá gíá tó gba àárín rẹ̀ mu kẹ́ ẹ tó de bólíìtì. Ẹ gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì, ẹ dán an wò ní R àti D. Tó bá sítáàtì níbẹ̀, ẹ ò tíì parí, ẹ má gbé mọ́tò náà fún oní-ńkan.