Àwo Oúnjẹ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Òǹdè

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ kú ewu òru. Hébérù 13:3 la mú lónìí, níbi tí a ti ní ká máa rántí àwọn òǹdè bí ẹni pé inú ìdè kan náà la jọ wà. Ká tó kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ ká dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Maze lẹ́bàá Lisburn ní Àríwá Ireland, lọ́dún 1981. Long Kesh ni àwọn tí wọ́n há mọ́ ibẹ̀ ń pè é.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni Bobby Sands, ọmọ ẹgbẹ́ IRA tó ń fi ìbọn jà kí Àríwá Ireland lè kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kọ oúnjẹ. Láti 1976 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé ipò tó ya àwọn ẹlẹ́wọ̀n bíi tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọ̀daràn yòókù, àwọn tó kọ aṣọ ẹ̀wọ̀n sì ń fi kúbùsù bora láti ọdún náà. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: kí wọ́n wọ aṣọ ara wọn, kí wọ́n má ṣiṣẹ́ ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n lè máa bá ara wọn ṣe pọ̀, kí wọ́n máa gba àlejò kan, lẹ́tà kan àti ẹrù kan lọ́sẹ̀, kí a sì dá ìdínkù ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti pàdánù padà fún wọn.

Wọ́dà ò torí pé wọn ò jẹun kó má gbé oúnjẹ wá. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, wọ́n á gbé àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á sì wà níbẹ̀ títí òmíràn á fi dé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní ńṣe ni wọ́n ń bù ú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òórùn rẹ̀ kún yàrá. Omi àti iyọ̀ nìkan ló ń gba ọ̀fun wọn kọjá.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ebi máa ń ta jù. Ṣúgà tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ á tán ní nǹkan bí ọjọ́ kan, ara á wá máa jó ọ̀rá, ebi á sì rọlẹ̀ débi tí èèyàn á fi rò pé kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ọ̀rá, ó kan ẹran ara. Òtútù á máa mú un lábẹ́ kúbùsù. Tó bá tó nǹkan bí ogójì ọjọ́, àìsí fítámì B1 á kọlu ọpọlọ: ẹyinjú á máa yí láìdúró, ohun kan á di méjì lójú rẹ̀, èébì á gbé e, omi pàápàá kò ní dúró nínú. Omi yẹn ni Martin Hurson, ọ̀kan lára àwọn tó kọ oúnjẹ bíi Sands, ò rí gbé mì, ọjọ́ 46 ló kú. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀, èébì á dá, ṣùgbọ́n ojú á máa lọ, etí á máa di. Awọ àgùntàn ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ wọn kí egungun má baà lu awọ. Ọjọ́ 66 ni Sands lò, ẹni ọdún 27. Kieran Doherty ló pẹ́ jù, ọjọ́ 73. (Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pariwo ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣínu lẹ́yìn ààwẹ̀ gígùn, díẹ̀díẹ̀ ni o. Oúnjẹ òjijì máa ń fa àwọn èròjà tí ara nílò, potassium àti phosphate, wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì lè torí ẹ̀ dáwọ́ dúró.)

Lọ́dún 1980, ṣáájú ti Sands, àwọn méje ló jọ kọ oúnjẹ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ọ̀kan ń kú lọ, gbogbo wọn ní láti dáwọ́ dúró, ọwọ́ wọn ò sì ba nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é ní ẹlẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ lọ́dún kejì: bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Orí ibùsùn ni ìbò 30,492 ti sọ Sands di aṣòfin. Síbẹ̀, Margaret Thatcher, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ò yẹ̀. Àwọn mẹ́wàá ló kú.

N ò ní kẹ́ ẹ yìn wọ́n. Ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀ ò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ náà, ìbọn àti bọ́ǹbù ẹgbẹ́ wọn sì ti sọ ọ̀pọ̀ di opó. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ já okùn náà: ní ọjọ́ kẹtàdínláàádọ́ta, nígbà tí ọmọ ò mọ ibi tó wà mọ́, ó ní kí dókítà gbà á là. Àwọn ìdílé mìíràn tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ni gbogbo rẹ̀ parí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba ní kí wọ́n máa wọ aṣọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ fún oúnjẹ tí a jí bá lónìí, àti fún ọ̀fun tó ń gbé e mì.

Olúwa, rántí gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn irin láàárọ̀ yìí, ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹni tí òtútù ń mú, bò ó. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, ìwọ ni kó rí.

Baba, má jẹ́ kí ayé wa bàjẹ́ débi pé ara wa nìkan ni yóò kù tí a ó fi bá aláṣẹ sọ̀rọ̀. Kí a tó débẹ̀, rán ẹni tí yóò gbọ́ wa. Kí ọmọ wa má débẹ̀. Kí ọmọ ọmọ wa má débẹ̀!

Ohun tí wọ́n gbé síwájú wa láti fi dán wa wò, tí wọ́n ń bù kún un lójoojúmọ́ kí a lè ṣubú, Olúwa, fún wa lágbára láti kọ̀ ọ́. Ohun tí ìwọ gbé síwájú wa láti fi yè, má jẹ́ kí agídí mú wa kọ̀ ọ́!

Gbogbo aláṣẹ tó jókòó sórí àga tó ń ka òkú, tí kò yẹ̀, tí kò rẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run, mì ín! Fọ́ agídí rẹ̀! Gba oorun lójú rẹ̀ títí yóò fi gbọ́ igbe! Ẹni tó bá sì ń ti ọmọ ọlọ́mọ sínú ikú lórúkọ ìjà, tí ọmọ tirẹ̀ ń jẹun nílé, tú àṣírí rẹ̀!

Àwọn tí ìbọn àti bọ́ǹbù sọ di opó àti ọmọ òrukàn, níhà ìhín àti níhà ọ̀hún, nu ojú wọn nù.

Ìyá tó jókòó ti ọmọ tó ń kú lọ láàárọ̀ yìí, Baba, fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Kó lè sọ pé ó tó. Kí dókítà gbọ́. Kí ọmọ náà jí, kó mọ orúkọ ara rẹ̀, kó pe ìyá rẹ̀. Lórúkọ Jésù. Àmín.