Mary Sears, onímọ̀ òkun tí wọn kò jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ìwádìí

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ fara balẹ̀ wo ìgò kékeré tó wà níwájú yín yìí. Bí ẹ bá wò ó lóòkán, ẹ ó rò pé omidùn ni, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti rọlẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ, tí a sì gbé e sábẹ́ awò amóhuntóbi, ẹ ó rí i pé ẹran abẹ̀mí ni gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà. Àwọn kan jọ edé, bẹ́ẹ̀ wọn kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Àwọn kan mọ́ gaara bíi dígí. Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin sì ni àwọn mìíràn. Zooplankton ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, ìyẹn àwọn ẹranko tí ìṣàn omi òkun ń gbé kiri nítorí pé agbára wọn kò tó láti wẹ̀ ta kò ó. Àwọn ni oúnjẹ àìmọye ẹja, nítorí náà bí iye wọn bá lọ sílẹ̀ ní ọdún kan, kò ní pẹ́ tí apẹja yóò fi mọ̀ ọ́n lára.

Irú ìgò báyìí ni Mary Sears fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó tì. Ẹlòmíràn ló sì ń bá a gbé púpọ̀ nínú wọn bọ̀ láti ojú òkun, nítorí pé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin bá ọkọ̀ ìwádìí lọ.

Ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1905 ni wọ́n bí i, ní ìlú Wayland, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Radcliffe College, níbi tó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1927 àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹranko ní 1933. Henry Bryant Bigelow ti Harvard ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà sì ni olùdarí àkọ́kọ́ fún Woods Hole Oceanographic Institution, ilé ìwádìí òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1930. Ní 1939, ọ̀gá àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jọ tẹ ìwé jáde lórí zooplankton inú omi tó wà láti Cape Cod títí dé Chesapeake Bay. Wọ́n wọn bí gbogbo ohun tí àwọ̀n kó ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n lè fi ibì kan wé ibòmíràn, kí wọ́n sì fi ìgbà kan wé ìgbà mìíràn.

Ẹ̀yà kan wà tí Sears mọ̀ tinútẹ̀yìn, siphonophore ni orúkọ rẹ̀. Ẹ fojú inú wo okùn ìlẹ̀kẹ̀ tó mọ́ gaara, tí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: àwọn kan ń ti omi sẹ́yìn kí odidi rẹ̀ lè máa rìn, àwọn kan ń fi ọwọ́ olóró mú ẹran, àwọn kan ń jẹun fún gbogbo wọn, àwọn kan kò sì níṣẹ́ mìíràn ju ọmọ bíbí lọ. Nígbà tí àwọ̀n bá fà á jáde, okùn náà a já, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ a sì dà pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn nínú ìgò. Ẹni tó bá jókòó tì í ní láti máa ṣà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó máa wo igun àti etí ara wọn, kó tó lè sọ pé èyí àti tọ̀hún, tí àwọn tó ṣáájú ti fún ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀dá kan náà ni wọ́n. Ní 1953, Sears tẹ àtúnyẹ̀wò rẹ̀ lórí agbo kan nínú wọn, Abylinae, jáde.

Ní 1941 ó rí àǹfààní tí kò rí nílé. Ó lọ sí Pisco Bay ní orílẹ̀-èdè Peru láti wo òkun ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Àìmọye ẹyẹ òkun ló ń sùn sórí àwọn erékùṣù ibẹ̀, ìgbẹ́ wọn ni wọ́n sì ń kó tà fún àgbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ni ẹyẹ ń jẹ, ohun tín-ín-tìn-ín inú omi ni ẹja ń jẹ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹyẹ ní láti ti inú omi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún náà kò tíì parí tí Amẹ́ríkà fi wọ Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1943, Sears wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òkun ní Hydrographic Office, ọ́fíìsì wọn tó ń ya àwòrán òkun fún àwọn atukọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà há sórí òkúta iyùn ní Tarawa, nínú òkun Pacific, nítorí pé omi kò kún tó bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́ omi lọ sí èbúté lábẹ́ ìbọn, nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló sì kú nínú ìjà ọjọ́ mẹ́ta náà. Kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀, ìwé ni Sears àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tú lọ́sàn-án lóru: ìròyìn àwọn atukọ̀, àkọsílẹ̀ ìwádìí, ìwé tí wọ́n kọ ní èdè àjèjì, kí wọ́n lè sọ bí omi yóò ṣe kún àti bí ìgbì yóò ṣe ga ní ibi tí wọ́n bá fẹ́ gúnlẹ̀ sí. Wọ́n tún kọ ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi lórí ibi tí omi gbígbóná òkè ti pàdé omi tútù ìsàlẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ìró tí ọ̀tá fi ń wá wọn ti máa ń yà kúrò lọ́nà, tí ọkọ̀ sì lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ inú ìgò náà ni: kí èèyàn máa ṣa ohun tó fọ́n ká jọ títí yóò fi rí odidi.

Lẹ́yìn ogun, ó padà sí Woods Hole, ibẹ̀ ló sì ti ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ. Nígbà tí ìwé ìròyìn ìmọ̀ Deep-Sea Research bẹ̀rẹ̀ ní 1953, Sears wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ó sì ṣe olóòtú rẹ̀ títí di 1974. Fún nǹkan bí ogún ọdún, iṣẹ́ ọlọ́wọ̀ọ́lọ́wọ̀ọ́ ló ń kà, tó ń yẹ̀ wò, tó ń dá padà fún àtúnṣe. Roger Revelle, tí òun náà jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ òkun, pè é ní ẹ̀rí ọkàn ìmọ̀ náà. Ní 1959, òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ṣètò àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn onímọ̀ òkun, èyí tó wáyé ní olú ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ogun tútù, ìyẹn ìfagagbága Amẹ́ríkà àti Soviet Union, gbóná janjan nígbà náà, síbẹ̀ ọkọ̀ ìwádìí Soviet Union, Mikhail Lomonosov, wá gúnlẹ̀ sí New York fún àpéjọ náà. Sears tún ń kó àkọsílẹ̀ ìwé ìmọ̀ òkun jọ sórí káàdì, títí tí wọ́n fi tẹ àwọn káàdì náà ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ní àwọn ọdún 1970, kí ẹni tó bá ń wá ìwé kan má bàa máa fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ó dùn mí pé gbogbo èyí gba àkókò tí ìbá fi wà pẹ̀lú àwọn siphonophore rẹ̀, tí àwọn tó mọ̀ wọ́n bí ó ṣe mọ̀ wọ́n kò sì pọ̀ láyé. Ó dùn mí pẹ̀lú pé ẹni tó ṣe ojú fún gbogbo àwọn tó ń lọ sókun, etíkun ni wọ́n fi òun sí. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Woods Hole ní 1970, ó sì kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ní ẹni ọdún 92.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọkọ̀ ìwádìí tuntun kan bọ́ sómi, tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà sọ ní Mary Sears. Kò sí ọkọ̀ ìwádìí òkun wọn kankan tó jẹ́ orúkọ obìnrin ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Adam Air kan já sínú òkun nítòsí Sulawesi, ní Indonesia, pẹ̀lú èèyàn 102 nínú rẹ̀, ọkọ̀ Mary Sears ló lọ ń tẹ́tí sí ìsàlẹ̀ omi níbẹ̀, òun ló sì gbọ́ ìró àpótí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú náà láti inú ibú.